Yin Chen ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Sè

Ohun mẹ́ta péré ló ń wọ ìkòkò náà: ewé kan, èso kan, gbòǹgbò kan. Ewé náà ń jẹ́ Yin Chen, èso ń jẹ́ Zhi Zi, gbòǹgbò sì ń jẹ́ Da Huang. Zhang Zhongjing, oníṣègùn ará Nanyang ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló kọ bí wọ́n ṣe ń sè é sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, nínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Shang Han Lun. Títí di òní olónìí, bí ojú aláìsàn bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, tí òróòro há sí i nínú ẹ̀dọ̀, àgbo yìí ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà. Yin Chen Hao Tang ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Jàpáánì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pè é ní Inchinkoto, lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá pélébé ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀.

N kò polówó àgbo fún ẹnikẹ́ni o. Ewé tí a fi ń tọ́jú ibà pọ́njú kò wọ́n wa nílẹ̀ Yorùbá; ẹni tó bá dé ìsọ̀ eléwé-ọmọ, tó ní ibà pọ́njú pọ́ntọ̀ ń ṣe òun, ó ṣòro kó kúrò níbẹ̀ láìgbé orúwo dání. Ọwọ́ iṣẹ́ tó wà nínú àgbo Zhang ló wù mí láti sọ̀rọ̀ lé: bí ó ṣe wo aláìsàn, bí ó ṣe ka iye, bí ó ṣe to ohun mẹ́ta náà sórí iná, àti bí ó ṣe sọ àmì tí ènìyàn yóò fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni òun sọ tàbí irọ́.

Kí ló há gan-an? Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ń pèsè òróòro tó ìdajì lítà sí lítà kan lójúmọ́. Ojú ọ̀nà tín-ín-rín tín-ín-rín ni òróòro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀. Díẹ̀ á dúró sínú àpò rẹ̀, ìyókù á ṣàn lọ sínú ìfun. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wa kàn. Èkíní ni bilirubin, àlòkù ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó tí ara ń dà nù. Òun ló ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀. Èkejì ni àwọn ásíìdì òróòro, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ ọṣẹ: wọ́n ń tú ọ̀rá inú oúnjẹ ká kí ara lè rí i gbà. Bí ọ̀nà bá dí, ì báà jẹ́ òkúta ló dí i, ì báà jẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ló mú ẹ̀dọ̀ wú, ì báà jẹ́ oògùn kan ló gbòdì lára ẹ̀dọ̀, àwọn méjèèjì á ṣẹ́rí padà. Bilirubin á wọ inú ẹ̀jẹ̀: ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ìgbẹ́ á sì funfun. Ọṣẹ tí kò rí ọ̀rá oúnjẹ fọ̀ mọ́ á wá máa bó ara ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ara á máa yún ènìyàn tọ̀sán-tòru. Bí ó bá wá pẹ́ títí, ẹ̀dọ̀ á kún fún àpá, á le gbagidi.

Zhang kò mọ bilirubin, kò sì rí sẹ́ẹ̀lì rí. Ojú ló ní, ó sì ní ọ̀fọ̀. Ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ pé àwọn ẹbí òun lé ní 200 tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọdún tí kò tó mẹ́wàá, láti nǹkan bí ọdún 196 síwájú, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ti kú, àrùn ibà ló sì pa méje nínú mẹ́wàá àwọn tó kú náà. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ráyè àsọdùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan aláìsàn tí ara rẹ̀ pọ́n, kò kàn ní kí wọ́n fún un lágbo mu. Ó ní ẹni tí àgbo yìí tọ́ sí ni ẹni tó jẹ́ pé orí nìkan ló ń làágùn, tí òógùn náà dúró lọ́rùn, tí ìyókù ara gbẹ. Tí ìtọ̀ rẹ̀ kò já geere. Tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Tí ikùn rẹ̀ kún díẹ̀. Àwọ̀ náà gan-an, ó ní ó gbọ́dọ̀ mọ́ bí ti ọsàn tó pọ́n. Níbòmíràn nínú ìwé kan náà, ó mẹ́nu ba ara tó pọ́n ṣùgbọ́n tó ṣú bí ohun tí èéfín ti fín. Ìyẹn kì í ṣe ti àgbo yìí.

Àwọn oníṣègùn tó tẹ̀lé e sọ èyí di òfin. Pípọ́n tó ń dán jẹ́ ti ooru, pípọ́n tó ṣú jẹ́ ti òtútù. Bó bá jẹ́ ti òtútù, Yin Chen ṣì ń wọ ìkòkò, àmọ́ àwọn tó ń bá a rìn á yí padà: wọ́n á fi atalẹ̀ gbígbẹ sí i, àti fuzi, gbòǹgbò olóró tí wọ́n ti sè títí oró rẹ̀ fi rọ̀. Ewé kan náà, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gbé àgbo ooru fún aláìsàn òtútù, tó ní ṣebí ojú pọ́n ni, kò tíì mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ewé yìí. Ìdílé Artemisia ni Yin Chen ti wá, etí odò àti ilẹ̀ oníyanrìn ló sì fẹ́ràn láti hù sí. Ìwé òfin egbòogi ìjọba Ṣáínà fàyè gba ìgbà méjì láti ká a. Ti ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń ká nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10. Bí wọ́n bá sá a gbẹ tán, á ká jọ bí òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ra, àwọ̀ eérú ni yóò ní, irun funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ á bò ó látòkè délẹ̀, á sì múlọ́ lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ wọlé, á tún rọra wú padà. Ti ìgbà ìwọ́wé, ìrudi òdòdó ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gé e; igi ló pọ̀ lára ìyẹn, ọwọ́ sì ń mọ̀ ọ́n lára pé ó le.

Ìtàn kan wà tí wọ́n ń sọ mọ́ Hua Tuo, ògbóǹtarìgì oníṣègùn tó bá Zhang gbé ayé lásìkò kan náà. Wọ́n ní ó rí obìnrin kan tí ibà pọ́njú rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ìyàn mú un jẹ ewé igbó. Hua Tuo ká ewé náà fún àwọn aláìsàn mìíràn, kò ṣiṣẹ́. Ó padà lọ béèrè oṣù tí obìnrin náà jẹ ẹ́, ó dúró di oṣù náà lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ká a, ó sì ṣiṣẹ́. Ìtàn ni, n kò bá ẹnikẹ́ni búra lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan jáde láti ibẹ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ lọ́hùn-ún, pé nínú oṣù kẹta ni ewé yìí jẹ́ oògùn, tó bá ti di oṣù karùn-ún, kí wọ́n fi dáná. Àwọn tó wá wọn nǹkan inú rẹ̀ lóde òní rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní orí kejì. Òfin ìjọba ní ti ìrúwé gbọ́dọ̀ ní ásíìdì chlorogenic tí kò dín ní ìdá 0.5 nínú 100. Ti ìwọ́wé ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní scoparone tí kò dín ní ìdá 0.2 nínú 100. Ẹ fi orúkọ scoparone yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀. Mo rò pé àwọn tó ń fi ti ìwọ́wé ṣe yẹ̀yẹ́ ti yára jù.

Nílé egbòogi ìbílẹ̀ Ṣáínà, dúróà kéékèèké ló kún ara ògiri, orúkọ egbòogi sì wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wọn egbòogi á fi ọwọ́ kan di òṣùwọ̀n kékeré mú, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwo bàbà so mọ́ lẹ́nu, tí òkúta ìwọ̀n ń rìn lára rẹ̀. Á fi ọwọ́ kejì bu nǹkan jáde nínú dúróà. Kì í da egbòogi lé ara wọn. Á to wọ́n sórí ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní òkìtì òkìtì, kí ẹlòmíràn lè wá fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí oníṣègùn kọ, kí wọ́n tó pọ́n ọn. Èyí tó bá yẹ kó kọ́kọ́ wọ iná, ìdì ọ̀tọ̀ ni yóò wà, wọ́n á kọ ọ́ sí i lára. Èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn wọlé náà ní ìdì tirẹ̀.

Zhi Zi, kíkà ni Zhang kà á, kò wọ̀n ọ́n: 14 ẹyọ. Èso tó gùn róbótó ni, pupa rẹ̀ ń fà sí ti ọsàn, igun tó dìde ní ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà. Èèpo rẹ̀ tín-ín-rín ṣùgbọ́n ó le, kóró inú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ra wọn gbagbagba. Nítorí náà ni Zhang ṣe ní kí wọ́n là á. Ẹni tó bá jù ú sómi lódindi á sè é títí, ohun tó wà nínú ò ní í jáde tán. Bí wọ́n bá là á tí wọ́n sì rẹ ẹ́ sómi, omi á pọ́n fòò. Crocin ló ń ṣe é, ohun kan náà tó wà nínú saffron, wọ́n sì ti ń fi èso yìí pa aṣọ láró ní Ṣáínà láti ayé ìjọba Han. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé èso tó ń sọ omi di pupa ràkọ̀ràkọ̀ ni wọ́n fi ń lé pupa ràkọ̀ràkọ̀ kúrò lójú ènìyàn.

Da Huang ló le jù nínú wọn. Orí òkè Qinghai, Gansu àti Sichuan ló ti ń wá, ibi tí òtútù ti ń mú. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ewé rẹ̀ bá rọ ni wọ́n ń wà á. Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi okùn sín in kọ́ kó lè gbẹ, nítorí ó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ á jẹrà bí wọ́n bá dá a sí lódindi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rà kì í wo èèpo. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ló ń wò, ó ń wá àwọn àmì tó rí bí ìràwọ̀ kéékèèké níbẹ̀. Á jẹ díẹ̀: ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ eyín, kó dà bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀, kó sì sọ itọ́ ẹnu di pípọ́n.

Wàyí o, iná. Zhang ní kí wọ́n gbé omi sheng 12 kaná, ìyẹn nǹkan bí lítà 2.4 ní ìwọ̀n tiwa. Yin Chen ni kí wọ́n kọ́kọ́ sè, liang 6, tó lè tó gíráàmù 90 bí a bá gba ìṣirò àwọn tó wọn irin ìwọ̀n ayé Han. Kí wọ́n sè é títí omi yóò fi fá dé ìdajì. Nígbà náà ni kí Zhi Zi àti liang 2 Da Huang wọlé, kí wọ́n tún sè é títí yóò fi ku sheng 3, bí mìlílítà 600. Kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n da èyí tó kù sínú asẹ́ nù, kí wọ́n pín omi rẹ̀ sí mẹ́ta, kí aláìsàn mu ún nígbà mẹ́ta.

Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀. Kò sí aago nílé àgbẹ̀ ayé ìgbà náà, iná igi kò sì dọ́gba láàrin ilé kan àti èkejì. Zhang kò sọ pé kí wọ́n sè é fún wákàtí báyìí. Omi fúnra rẹ̀ ló fi ṣe aago: bó bá ti dé ìdajì, ẹ da èyí tó kù sí i, bó bá tún ti dé ìdajì ìdajì, ẹ gbé e kalẹ̀. Iná ì báà le, ì báà rọ̀, aláìmọ̀wé lè ṣe é láìṣìnà. Ojú mi kì í kúrò níbẹ̀ bí mo bá dé ojú ìwé náà.

Da Huang ni ẹ̀rí pé ètò yìí kì í ṣe àṣà lásán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí inú ṣí, iná àpẹ́jù ń fọ́ ọ. Bó bá wọ iná lẹ́yìn, á fọ ìfun gidi. Bí wọ́n bá kó o pọ̀ mọ́ Yin Chen láti ìbẹ̀rẹ̀ tó sì pẹ́ lórí iná, agbára yẹn á rọ̀. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ ń lo èyí bó ṣe fẹ́: ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti há, kí wọ́n fi í sí i nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, arúgbó tí ara rẹ̀ kò le, kí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, tàbí kí wọ́n lo èyí tí wọ́n ti fi ọtí sè tẹ́lẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọn kì í fi irin sè é, nítorí irin máa ń bá oje kíkan ara gbòǹgbò jà. Iye tó wà nínú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ òde òní kéré sí ti Zhang, gíráàmù 18 Yin Chen àti 6 Da Huang ló wọ́pọ̀. Àríyànjiyàn lórí bí liang àtijọ́ ṣe wúwo tó kò tíì tán láàrin wọn.

Ọ̀pọ̀ wa nílé, ìkòkò kan là ń kó gbogbo egbò àti ewé sí, tí a ó máa bomi kún un lójoojúmọ́ tí a ó máa gbé e kaná. Àwọn ìyá wa tó ń rẹ tiwọn sínú omi ògì láìfi iná kàn án mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ge Hong náà mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí gbé ayé láti nǹkan bí 283 sí 343, ó sì kọ ìwé ìtọ́jú pàjáwìrì kan fún àwọn tí kò lówó oníṣègùn. Nínú ìwé náà, ó ní bí ibà bá ń ṣe ènìyàn, kí wọ́n rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé qinghao sínú omi, kí wọ́n fún oje rẹ̀ mu. Kò dárúkọ iná rárá. Ní nǹkan bí ọdún 1971, gbólóhùn yẹn ló mú Tu Youyou ní Beijing fura pé bóyá ooru ló ń ba oògùn ewé náà jẹ́. Ó yí ọ̀nà padà, ó sì rí artemisinin, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Artemisinin yẹn ló wà nínú oògùn ibà ACT tí à ń rà ní kẹ́míìsì lónìí, láti Ìbàdàn dé Pọ̀tọ̀nóófò. Qinghao àti Yin Chen, ìdílé kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan kò fẹ́ iná, ìkejì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ iná kó sì pẹ́ jù níbẹ̀. Orúkọ ìdílé kò lè sọ fún ènìyàn bí wọ́n ṣe ń sè é.

Zhang kò parí ọ̀rọ̀ sórí mímu. Ó sọ ohun tí ẹ ó rí: ìtọ̀ yóò já geere, yóò pọ́n gidi, yóò sì rí bí omi èso igi tí wọ́n fi ń fọṣọ nígbà náà, ikùn á fà dípẹtà láàárín òru kan, ọ̀nà ìtọ̀ sì ni pípọ́n náà yóò gbà lọ. Bí ẹ kò bá rí ìwọ̀nyí, oògùn kò jẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, mélòó nínú àwọn tó ń tajà oògùn lójú pópó ló ń fún oníbàárà ní ọ̀pá tí yóò fi wọn òun?

Àwọn tó tẹ̀lé e mú wíwọ̀n yìí lọ síwájú. Ge Hong ní kí aláìsàn tọ̀ sórí ìwé funfun. Bí ìwé náà bá pọ́n bí ohun tí wọ́n pa láró, àrùn náà nìyẹn. Wang Tao, tó ṣàkójọ ìwé oògùn ńlá kan ní 752, gbé ọgbọ́n mìíràn síbẹ̀ tó ju ìyẹn lọ: ní alaalẹ́, kí wọ́n ti aṣọ ṣẹ́dà funfun pélébé kan bọ inú ìtọ̀ aláìsàn, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i lára, kí wọ́n sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí àwọ̀ bá ń ṣí láti ọ̀kan dé èkejì, ìwòsàn ń bọ̀. Bó bá funfun, ó ti dé. Ẹ̀rọ tó ń ka bilirubin nínú ẹ̀jẹ̀ lónìí, iṣẹ́ yẹn náà ló ń ṣe.

Wọn kò sì fi Zhang ṣe òrìṣà. Ní 1642, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn gba ilẹ̀ Ṣáínà, Wu Youxing kọ Wen Yi Lun, ó sì dojú ìwọ̀n náà bolẹ̀. Da Huang ló fi ṣe ọ̀gá: ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní qian, 5 Da Huang, 2 Zhi Zi, 1 péré Yin Chen. Ó ní ara tó pọ́n jẹ́ ẹ̀ka lásán, ohun tó há sínú ìfun ni gbòǹgbò. Ẹni tó bá yọ Da Huang kúrò nítorí ìbẹ̀rù ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀ka ló ń gé. Ohun mẹ́ta kan náà, àmọ́ èrò ti yàtọ̀. Ní ayé òde òní, Wang Chengbai ní ilé ìwòsàn 302 ti àwọn ológun ní Beijing tún gba ọ̀nà mìíràn fún àwọn tí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ mú kí òróòro há sí lára fún oṣù púpọ̀. Chi Shao, gbòǹgbò peony pupa, ni ó gbójú lé. Gíráàmù 6 sí 12 ni ìwé òfin ń sọ. Òun a máa lo 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tirẹ̀ ni pé bí òróòro bá ti pẹ́ ní híhá, ẹ̀jẹ̀ ló ti dì pọ̀ tó sì gbóná, ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Guan Youbo, àgbà oníṣègùn ẹ̀dọ̀ ní Beijing náà, sọ ohun tó jọ ọ́: ẹni tó ń wo pípọ́n, kó wo ẹ̀jẹ̀.

Àwọn onísáyẹ́ǹsì náà ti yọjú sínú ìkòkò. Ní 2004, Wendong Huang, Jun Zhang àti David Moore ní Houston, Amẹ́ríkà, fún eku ní Yin Zhi Huang, ọmọ tí àgbo Zhang bí, fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n wá fi bilirubin sí wọn lẹ́jẹ̀. Ó yára kúrò lára wọn. Wọ́n mú eku mìíràn tí kò ní púrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní CAR, èyí tó ń ṣí iṣẹ́ àwọn tó ń kó bilirubin jáde; lára àwọn yẹn, àgbo kò ṣe nǹkan kan. Scoparone inú Yin Chen ni wọ́n rí pé ó ń jí CAR. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará Jàpáánì fi hàn lára eku pé genipin, tó ń wá láti inú Zhi Zi, ń mú kí òróòro ṣàn sí i. Genipin kò sí nínú èso náà bẹ́ẹ̀. Geniposide ló wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń bó ṣúgà ara rẹ̀ kó tó di genipin. Ìyẹn ni pé ìfun aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń sè é ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Eku kì í ṣe ènìyàn, ọ̀pọ̀ ìdánwò tí wọ́n sì ṣe lára ènìyàn kéré, kò sì lágbára tó láti fi jà.

Oògùn òróòro mìíràn wà láti inú ìṣègùn Ṣáínà yìí kan náà, tí ilé ìwòsàn gbogbo ayé ti gbà. Ìwé oògùn ìjọba Tang ti 659 ti mẹ́nu ba òróòro béárì. Inú rẹ̀ ni àwọn ará Jàpáánì ti rí ásíìdì tí wọ́n ń pè ní ursodeoxycholic, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìsí béárì láti àwọn ọdún 1950. Òun ni dókítà kọ́kọ́ ń kọ fún ẹni tí ojú ọ̀nà òróòro rẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀. Àwọn béárì tó ṣì wà nínú àhámọ́ tí wọ́n ń fa òróòro lára wọn, ìyà òfò ni wọ́n ń jẹ.

Iṣẹ́ dáadáa kò sọ pé kò lè pani lára. Àwọn tó mu àgbo oní-Zhi Zi fún ọdún gbọọrọ ní Jàpáánì, wọ́n rí nínú wọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun ńlá wọn le tí ó sì ṣú. Abẹ́rẹ́ Yin Zhi Huang tí wọ́n ń gún tẹ́lẹ̀ fún ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ pọ́n, ìjọba Ṣáínà fúnra rẹ̀ fòfin dè é fún ọmọ ọwọ́ ní 2016. He Shou Wu, egbòogi Ṣáínà mìíràn tí wọ́n ń mu kí irun má baà funfun, ti sọ ẹ̀dọ̀ àwọn kan di aláìsàn. Bó bá sì jẹ́ òkúta tàbí kókó ló dí ọ̀nà, kò sí ewé tó lè ṣí i. Ọ̀bẹ dókítà ló kù.

Àwọn tó nílò ọ̀bẹ yẹn kíákíá jù ni àwọn ọmọ tí ojú ọ̀nà òróòro wọn dí pátápátá láti ìgbà ìbí. Morio Kasai, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Sendai, ní Jàpáánì, ló hùmọ̀ iṣẹ́ abẹ tó ń gba irú wọn là ní àwọn ọdún 1950: á gé ohun tó dí kúrò, á fa ìfun lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ kí òróòro lè rí ibi gbà. Àwọn ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ń fún ọmọ ní Inchinkoto lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni, kì í ṣe dípò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ yìí ń dára jù bí ọmọ kò bá tíì pé 60 ọjọ́. Nítorí èyí ni Taiwan ṣe ń fún gbogbo ìyá ọmọ ní káàdì àwọ̀ ìgbẹ́ láti 2004, kí wọ́n lè máa fi ìgbẹ́ ọmọ wé e.

Ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń wẹ ọmọ tuntun, a kò ní káàdì yẹn, ṣùgbọ́n a lójú. Bí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, ẹ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bó bá funfun tàbí tó ṣí bí amọ̀, ẹ má sá ọmọ sóòrùn, ẹ má bu omi glúkóòsì fún un, ẹ má wá àgbo kankan, ti Ṣáínà tàbí tiwa. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ìgbẹ́ rẹ̀ funfun.